Ẹ Jù Ú Sómi Ná Kí Ẹ Tó Jù Ú Síná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé ọ̀rọ̀ ike yíyọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ìyá kan láti Sábó, ó ra tíáìlì oníke (ike yíyọ́ tí wọ́n pò mọ́ yanrìn) sí iwájú ilé, ó wá ń rùn sí wọn nímú nígbàkigbà tí oòrùn bá pa á. Ìkẹta kò gbé nǹkan kan dání ju fóònù lọ: ó ti wo fídíò, ó ti mọ̀ ọ́n, kí n ṣáà yá òun ní àgbá irin tí mo gé sí méjì. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ike wo ni? Ìdáhùn kan náà ni mo gbọ́: "Ọ̀gá, ṣebí ike ni ike."

Bí ẹni tó ní ewé ni ewé, tó wá já èsìsì nùdí.

N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gé nǹkan tàbí bí a ṣe ń kan àpótí ìjókòó níbí. Ìyẹn kò le, ẹni tó bá ní ojú á rí i. Ẹ má sì rò pé mo kórìíra kí a fi àlòkù dá ọnà. Kí ni àwọn bàbá wa ṣe yàtọ̀? Agolo mílíìkì di àtùpà, táyà mọ́tò di bàtà tí kì í gbó. Ọdún 24 rèé tí mo ti ń ra pákó àlòkù àti irin lọ́wọ́ àwọn bólà-bólà, òun ni mo fi tọ́ ọmọ.

Kódà mo fẹ́ràn àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ju àwọn ọmọṣẹ́ gidi lọ, nítorí wọ́n máa ń béèrè ohun tí àgbàlagbà kò ní béèrè. Ọmọbìnrin kan wá ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé máa ń rán wọn lọ, lọ́dọ̀ mi lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ó gbé Ghana-must-go kan wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé aṣọ ni. Èèpo ẹyin ni, ìkarahun ìgbín, èèpo àgbọn, bébà àpò símẹ́ńtì, sọ́dọ́ọ̀sì nínú ọ̀rá, báńà òkú tí wọ́n ti lò tán. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun fẹ́ dán wò. Ó rẹ bébà símẹ́ńtì sómi, ó gún un nínú odó ìyá rẹ̀, ó pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí igbá. Nígbà tó gbẹ, abọ́ tó jáde fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì ń dún kókó bí ẹ bá ta á níka. Ó wù mí gan-an. Lẹ́yìn oṣù kan, aáyán àti eku ti jẹ ẹ́ ku díẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ nípa àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ rí? Láfún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya adìrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sè é mọ́ álọ́ọ̀mù. Àwọn tí kò wọ yunifásítì.

Òun náà ló kọ́kọ́ dárúkọ El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana, fún mi, pé ṣebí ìdérí ìgò ọtí ni bàbá yẹn fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Òtítọ́ ni, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Góòlù níbi ìpàtẹ ọnà Venice lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n láti 1975 ló ti ń kọ́ni ní yunifásítì Nsukka, ó ti fi igi àti amọ̀ jìyà tipẹ́ kó tó kan ìdérí ìgò. Ohun tí ẹ kò sì kíyè sí ni pé kò yọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó lu ú, ó fi wáyà bàbà so ó pọ̀. Kò síná níbẹ̀.

Iná ni ẹjọ́ mi.

Irú ike kan wà, PVC ni orúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀tá mi. Òun ni páìpù omi ìdọ̀tí, òun ni síílìǹgì oníke tó gbòde báyìí, rọ́bà ara wáyà iná, rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì, àti báńà tí wọ́n ń pè ní flex, ti òkú àti ti olóṣèlú. Náílọ̀nù píọ́ wọ́tà kò ní ju kábọ̀nù àti háídírójìn lọ nínú. PVC ní kúlórìnì, kì í sì í ṣe díẹ̀: bíi 57 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Bí ẹ kò bá fi iná kàn án, kò ní bá yín jà. Ẹ fi báńà rán báàgì, mo fara mọ́ ọn. Ẹ gé páìpù ṣe ìkòkò òdòdó, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e kaná: kí ooru tó kọjá 200°C lọ jìnnà, kúlórìnì ti mú háídírójìn lọ́wọ́, wọ́n ti jáde bíi gáàsì. Bí gáàsì yìí bá pàdé omi, ìbáà jẹ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, omi ojú, ikun imú tàbí inú ẹ̀dọ̀fóró, ásíìdì ló ń dà. Kì í ṣe ti bátìrì mọ́tò o. Irú èyí tí àwọn onítíáìlì fi ń bó símẹ́ńtì ni. Bó bá wá gbiná gan-an, májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin tún wà nínú èéfín rẹ̀, ìyẹn sì ń fa jẹjẹrẹ. Náílọ̀nù píọ́ wọ́tà ń yọ́ ní nǹkan bíi 110. Iná èédú yín lè kọjá 600, kò sì mọ ẹni tó ń sè.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Bí nọ́ńbà bá wà nínú igun mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, 3 ni ti PVC. Ṣùgbọ́n àfọ́kù kì í sábà ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ wá omi. Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ kán ọṣẹ olómi sí i, torí nǹkan pẹlẹbẹ lè tan yín jẹ kó dúró lójú omi. Ẹ gé ike náà bí èékánná, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ dé ìdí abọ́, kí ẹ yọwọ́. Bí ó bá léfòó wá, ẹbí náílọ̀nù ni: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, kéègì òróró, ìdérí ìgò. Ìwọ̀nyí ni ẹ lè yọ́. Bí ó bá rì, ẹ gbé e jìnnà síná. PVC á rì. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò náà á rì, bẹ́ẹ̀ ìdérí rẹ̀ á léfòó. Ìgò yẹn kò ní yọ́ kí ooru tó tó nǹkan bíi 250. Síílìǹgì PVC níhò nínú, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e léfòó. Abọ́ fóómù funfun tí wọ́n ń di ráìsì sí máa ń léfòó, òun náà kò ṣeé yọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì tún wà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi píláyà mú wáyà bàbà tí ẹ ti bó, ẹ mú un sínú iná gáàsì títí yóò fi pọ́n, ẹ fi kan ike náà kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ẹ dá a padà síná. Bí iná náà bá di àwọ̀ ewé, kúlórìnì nìyẹn. Onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Beilstein ló gbé e jáde lọ́dún 1872, kò sì tíì parọ́ fún mi rí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti ṣe é títí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Oníná Ewé.

Ọmọbìnrin tó wá ṣe IT yẹn ni ọ̀rọ̀ iná yìí ṣẹlẹ̀ sí. Oṣù keje ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo ní kó yọ́ ọ̀rá píọ́ wọ́tà nìkan, kó pò ó mọ́ yanrìn, mo gbé àga lọ fún oníbàárà ní Ìjẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nídìí tíáìlì oníke yà kí i, ó ní bó bá da àfọ́kù síílìǹgì sí i, tíáìlì rẹ̀ á funfun, á sì máa dán. Ọmọ náà dà á sí i. Òjò tún ṣú, ló bá wọ́ àgbá iná wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì tí mo ń kó irinṣẹ́ sí.

Láti ojú títì ni èéfín náà ti gbá mi lọ́nà ọ̀fun. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú, ó ń wúkọ́ gbígbẹ. Ẹ wo àwọn oníṣègùn tí mo bá lórí rẹ̀: ọ̀kan di agolo mílíìkì mú, ìkejì ń po epo pupa. Inú bí mi. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín lọ. Bí epo bá sì ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń wúkọ́, ẹ ti fi àrùn kún àrùn. Mo gbé e sí atẹ́gùn, mo fi omi tó mọ́ ṣan ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó di ọsibítù. Ó ń sọ pé ara òun ti yá. Mo ní kó dákẹ́, torí ẹ̀dọ̀fóró lè wú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní ọ́síjìn.

Nígbà tí mo ṣí ṣẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, gbogbo irin mi ti dógùn-ún. Ayùn, abẹ ìfági, ìṣó tó wà nínú agolo, títí kan ṣísẹ́ẹ̀lì tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, èyí tí mo fi òróró pa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó pọ́n bí ilẹ̀ Ìkòròdú. Aládùúgbò mi wò ó, ó ní irin kì í dógùn-ún lóru ọjọ́ kan lásán, kí n lọ bọ Ògún, inú ń bí i. Mo ní Ògún kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ásíìdì inú èéfín síílìǹgì ni. Kò gbà. Títí di òní ló ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé mo ní ọ̀tá.

Ọmọ náà ti jáde nílé ìwé. Lóṣù tó kọjá ó fi fọ́tò àpótí ìjókòó kan ránṣẹ́, okùn èèpo àgbọn ló lẹ̀ pọ̀ mọ́ sítáàṣì, kò fi iná kàn án rárá. Mo bi í pé álọ́ọ̀mù ńkọ́? Ó ní òun fi sí i. Mo ní kó gbé ọ̀kan wá, kí n fi sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí aáyán wà, ká fún un ní oṣù kan.