Àkọ́rọ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òjò

Bí òjò bá rọ̀ ní Adó-Èkìtì lóṣù kejì, tí ìjì sì ṣí páànù lórí ilé bíi mélòó kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní í mọ́ tán kí wọ́n tó máa wí lọ́jà pé òjò ti dé, ẹ gbé irúgbìn jáde. Àkọ́rọ̀ lásán nìyẹn lójú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò tiwọn ní ìwọ̀n. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí òjò tó 20 mílímítà rọ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ọ̀dá má sì ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ nínú 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Apá kejì yìí la kì í ní sùúrù fún.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, òun ló ń kó ọyẹ́ àti eruku wá. Èkejì ń bọ̀ láti Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì ru omi. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró lójú kan. Lóṣù kìíní, ìtòsí etíkun ló wà; tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti gòkè kọjá Nàìjíríà. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ré Èkìtì kọjá, afẹ́fẹ́ olómi tó wà nílẹ̀ kò tíì nípọn. Ó lè sán àrá, kó rọ òjò wákàtí kan, kí ti aṣálẹ̀ sì tún tì í padà sẹ́yìn. Oòrùn á tún mú, àgbàdo tó ti hù á sì rọ.

Èbù iṣu ní tirẹ̀ lè fara dà á nínú ebè, pàápàá tí a bá fi koríko bò ó lórí. Hóró àgbàdo kò ní oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú.

Lọ́dọọdún, NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, máa ń sọ ọjọ́ tó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ara ohun tí wọ́n ń wò ni bí omi òkun ṣe gbóná tó, títí dé Òkun Pàsífíìkì níbi tí El Niño, ìyẹn ìgbà tí omi òkun ibẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan wá ń ka ọjọ́ yẹn bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìṣirò ni o, ó lè yẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ń yún láti fi àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo, kó ṣáà fi ìdajì irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lókè àjà.