Pẹ́ńtì kì í pa ìpẹtà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ wálé, ẹ wá gbọ́

Ìgbàgbọ́ kan wà tó pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, pé tí ìpẹtà bá ti mú bọ́dì, ẹ sáà fi sánpépà ha á, ẹ lẹ bọ́dì fílà (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú bọ́dì, tó máa ń le tó bá gbẹ) mọ́ ọn, ẹ fín pẹ́ńtì lé e, ó parí, ìpẹtà ti kú nìyẹn. Kò kú o. Abẹ́ pẹ́ńtì ló sá sí, ibẹ̀ náà ló ti ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ìgbà tó bá sì máa fi tún yọjú, owó pẹ́ńtì yín ti wọgbó.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú ìta nìkan la máa ń wò. Ẹ ra píkọ́ọ̀pù Ford F-100 tàbí Chevrolet C10 kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1960, látòkèèrè ó ń dán, ẹ wá súnmọ́ ọn, nísàlẹ̀ igun ẹ̀yìn kéébù (ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí) ẹ rí ibi kan tí pẹ́ńtì ti lé ròrò bí ibi tí omi gbígbóná ta sí lára èèyàn, kò ju èékánná lọ. Ẹ ní ṣebí kékeré ni. Ẹ mú síkúrúdíráífà kẹ́ ẹ fi ẹnu ẹ̀ tẹ ibẹ̀, ẹ má gbá a, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbọ́ tó máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, irin á wọlé lọ, nǹkan pupa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ á máa dà sílẹ̀, ihò tó bá sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ lè gba àtàǹpàkò yín. Ìpẹtà yẹn ò bẹ̀rẹ̀ níta rárá, inú ló ti jẹ ẹ́ bọ̀ síta, èyí tẹ́ ẹ rí lójú pẹ́ńtì ni ìkẹyìn ẹ̀.

Kí ló fà á? Tí irin, omi àti ọ́síjìn bá ti pàdé, ìpẹtà dé nìyẹn. Tí iyọ̀ bá tún dá sí i, á yára gan-an, torí omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná kékeré tó ń lọ lára irin tó ń dípẹtà rìn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó gbé etí òkun àti èyí tó ń rìn níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín fi máa ń tètè jẹrà. Nǹkan míì tún ni pé irin tó bá ti di ìpẹtà máa ń wú, ààyè tó máa gbà á lé ní ìlọ́po 2 èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí náà tó bá wà láàárín páálí irin méjì tí wọ́n jó pọ̀, á máa tì wọ́n kúrò lára wọn títí wọ́n á fi là. Ẹ má rò pé àwàdà ni, nǹkan tó ṣe ère Statue of Liberty ní New York náà nìyẹn, egungun irin tó wà nínú ẹ̀ dípẹtà, ó wú, ó ń já àwọn ríbẹ́ẹ̀tì tó di awọ kọ́pà mú, àfi ìgbà tí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe tán ní 1986. Tí ìpẹtà bá lè fa ríbẹ́ẹ̀tì ère ńlá yẹn já, pẹ́ńtì tí kò nípọn tó èèpo ẹyin lẹ fẹ́ fi dá a dúró?

Pẹ́ńtì fúnra ẹ̀ ò dí pátápátá, ooru omi àti afẹ́fẹ́ máa ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀. Tí irin abẹ́ ẹ̀ bá mọ́, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí ihò wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà gbẹ́ sára irin bá ṣì ní iyọ̀ nínú, omi kékeré yẹn tó o láti máa báṣẹ́ lọ. Irin ò dà bí alumíníọ̀mù o: tí ọ́síjìn bá kan alumíníọ̀mù, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bò ó, á sì dáàbò bò ó, ti irin ńṣe ló máa ń bó, tó bá bó tán, irin tuntun tó wà lábẹ́ náà á tún bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́dì fílà wá ńkọ́, òun gan-an ló burú jù tẹ́ ẹ bá fi dí ihò. Lẹ́búlẹ́bú táákì ló pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì máa ń fa omi mu, ẹ wá fi bo ihò níwájú nígbà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ẹrẹ̀ àti omi táyà. Ẹ ti fún ìpẹtà ní ilé nìyẹn. Mi ò sọ pé fílà ò dára o, ibi tí irin bá tẹ̀ wọnú díẹ̀, tó mọ́, tó sì le, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ, kò sí pánẹ́bítà tó gbọ́nṣẹ́ tí kì í lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ni mọ́tò ṣáájú yín ti lẹ ẹ́ nílẹ̀kílẹ̀, ẹ wé mágnẹ́ẹ̀tì sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ máa gbé e lọ lára bọ́dì, ibi tí kò bá ti dì mú, fílà ló nípọn níbẹ̀.

Àwọn kan á ní oògùn ìpẹtà wà, èyí tí wọ́n máa ń kùn tí ìpẹtà á di dúdú. Òótọ́ ni, ásíìdì táníìkì tàbí fọ́sífóríìkì ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìpẹtà ojú lásán lára ṣáásì (egungun abẹ́ mọ́tò) tó ṣì nípọn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èyí tó ń bó kúrò. Àmọ́ ibi tó bá dé nìkan ló mọ, kò lè wọ àárín páálí irin méjì, kò sì lè sọ irin tó ti lọ di irin padà.

Mo tún máa ń gbọ́ ọ pé "irin àtijọ́ nípọn, kì í jẹrà bíi ti ìsìnyí." Ó nípọn ju ti ìsìnyí lọ díẹ̀ lóòótọ́, gbogbo nípọn ẹ̀ á tó bíi mílímítà 1 lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò ìgbà yẹn ò ní síńkì (èyí tí wọ́n fi ń bo irin kí ìpẹtà má bàa mú un) lára, tí ti òde òní ní. Porsche 911 tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí wọ́n ti rì sínú síńkì fún gbogbo bọ́dì, ọdún 1976 ni.

Kẹ́ ẹ tó ronú kan àwọ̀ tẹ́ ẹ máa kùn, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí omi ti ń dúró. Ẹ ká mátìrì ilẹ̀ kéébù, ẹ wo igun ẹ̀yìn kéébù méjèèjì, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí bátìrì ń jókòó, abẹ́ pákó tó wà lẹ́yìn, àti inú ihò afẹ́fẹ́ iwájú gíláàsì tí ewé gbígbẹ máa ń kún, tí ewé yẹn bá ti rẹ omi á máa fi ọ̀rinrin sínú irin fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wo ibi tí kéébù ti jókòó lé ṣáásì dáadáa. Tíyẹn bá ti rà, tẹ́ ẹ wá ń kun ìta, ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Irin tó bá ti lu, gígé ni. Ẹ gé e títí dé ibi tí irin ti ń dán, kẹ́ ẹ jó tuntun sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin sí ẹnu ọ̀nà kéébù kó lè dì í mú, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kéébù á là, ilẹ̀kùn ò sì ní padé mọ́. Ẹ má jó o lọ gbọọrọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á ká, ẹ fi tó kán-ín níbí, tó kán-ín lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó wá dí àárín wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ṣe pàtàkì o: Ford F-100 àti C10 tọdún 1967 sí 1972, ẹ̀yìn àga inú kéébù ni táńkì epo wà, igun kéébù tẹ́ ẹ fẹ́ jó yẹn ò sì jìnnà sí i. Ẹ yọ táńkì kúrò, ẹ gbé e jáde kúrò níbi iṣẹ́, ẹ má sì tan ara yín pé kò sí epo nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú táńkì òfìfo gan-an ló máa ń bú gbàmù. Pẹ́ńtì àtijọ́ náà lè ní òjé nínú, ẹ fi nǹkan gidi bo imú tẹ́ ẹ bá ń ha á.

Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha tó wà ní ìhòòhò, tí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, láàárín wákàtí díẹ̀ ló máa ń pọ́n padà, nítorí náà ẹ fi práímà ẹpọ́sì, pẹ́ńtì ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa ń po méjì pọ̀, kùn ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Práímà aláwọ̀ eérú tẹ́ ẹ ń rí lára àwọn mọ́tò tí iṣẹ́ wọn ò tíì parí, púpọ̀ nínú ẹ̀ ń fa omi, ẹ má gbé mọ́tò síta nínú òjò torí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kun gbogbo ẹ̀ tán, ẹ fín wáàsì (ìda tó ń lé omi) sínú gbogbo ibi tó ní ihò inú, abẹ́ ilẹ̀kùn àti igun kéébù, kẹ́ ẹ wá fi wáyà gún àwọn ihò kékeré tí omi máa ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí práímà àti wáàsì yẹn máa ń dí wọn.