Ilẹ̀ gbígbóná kò sọ tẹ́mọ́sítáàtì di aláìwúlò

Bí ọkọ̀ bá gbóná jù lójú ọ̀nà nílẹ̀ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á yọ tẹ́mọ́sítáàtì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jù nù, wọ́n á sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, pé oòrùn tiwa kò jẹ́ kí a nílò rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò tíì gba fíríídọ́ọ̀mù, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ tí kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí tẹ́mọ́sítáàtì wà. Ó ń bí mi nínú, nítorí ó ń bo àrùn inú ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ títí tí àtúnṣe rẹ̀ yóò fi ju agbára olówó rẹ̀ lọ.

Oníbodè ni tẹ́mọ́sítáàtì. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnnì àti radiétọ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Ìda wà nínú ife kékeré kan láàárín rẹ̀. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, ìda náà á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí kí omi lè máa lọ tutù nínú radiétọ̀. Bí omi bá tutù jù, ìda á sún kì, spring á sì dá ilẹ̀kùn padà. Kò lo iná, kò sì dúró de kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ́ńjìnnì kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn 2AZ-FE ti Toyota, tó wà nínú Camry tí a ń pè ní Big Daddy, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2006, àti nínú àwọn Camry tí a ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009, tó ń lo sílíńdà mẹ́rin. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí ihò sílíńdà wà nínú rẹ̀, jẹ́ alúmíníọ̀mù tí wọ́n fi irin tẹ́ inú ihò sílíńdà rẹ̀. Tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí omi bá wà láàárín 80°C sí 84°C, ó sì ti gbọ́dọ̀ ṣí dáadáa nígbà tí omi bá fi dé 95°C. Ooru ọ̀sán gangan ní Èkó kì í sábà kọjá 35°C. Láti ibẹ̀ dé 82, tó jẹ́ àárín 80 àti 84, ó ku 47. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tó ju 80°C lọ kò lè sọ pé òun ti gbóná tó nítorí pé oòrùn ń ràn. Ní Saudi Arabia, níbi tí ooru ti máa ń kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́mọ́sítáàtì wà nínú Camry tí wọ́n ń tà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ fún oníbàárà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni pé àwọn tó ń yọ ọ́ rò pé òun ló ń dí omi lọ́nà. Ẹ wo bí ó ṣe rí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná débi pé awakọ̀ rí i lójú géèjì, omi inú rẹ̀ ti kọjá 100°C dáadáa, nítorí ìfúnpá abẹ́ ìdérí radiétọ̀ kò jẹ́ kí ó hó ní 100 bí omi inú ìkòkò ṣe ń hó. Ní ìwọ̀n yẹn, tẹ́mọ́sítáàtì tí ara rẹ̀ dá ti ṣí gbayawu tipẹ́tipẹ́. Oníbodè tó ti ṣílẹ̀kùn gbayawu kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i síbẹ̀síbẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé radiétọ̀ ti dí, tàbí fáànù kò yí, tàbí wọ́tà pọ́ǹpù ti jẹ, tàbí omi ń jò, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù sílíńdà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́pù tó bò ó lórí, ti jó. Yíyọ oníbodè kò tún ọ̀kankan ṣe nínú wọn.

Mo gbà pé tẹ́mọ́sítáàtì lè bàjẹ́ kí ó sì dúró ní títì. Ìyẹn burú, ó sì lè pa ẹ́ńjìnnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mẹkáníìkì ṣe mọ̀ pé èyí tí òun yọ ti bàjẹ́? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi wọ́n, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jù ú sínú ìdọ̀tí, wọ́n á bu omi tuntun kún radiétọ̀, ọkọ̀ á tutù, wọ́n á sì ní òun ni ó fa á. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń ṣe èyí, omi tó ti dín kù ti kún padà, afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù ti jáde, ẹ́ńjìnnì sì ti sinmi fún bíi wákàtí méjì. Èwo nínú wọn ló mú kí ó tutù? Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò tí ó yẹ kí wọ́n ṣe kò sì ná wọn ju iná àti omi lọ. Ẹ gbé ìkòkò omi kaná, ẹ fi okùn so tẹ́mọ́sítáàtì náà kọ́ kí ó má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ ki ohun èlò tí a fi ń wọn ooru bọ omi, kí ẹ sì máa wò ó. Nígbà tí omi bá ń lọ sí 82°C, ẹ ó rí i tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí tó mílímítà 10. Ẹni tí kò ní ohun èlò náà ṣì lè mọ̀ bóyá ó ń ṣí tàbí kò ṣí, nítorí omi tó ti ń hó ti kọjá ìwọ̀n tó yẹ kí ó ti ṣí. Bí kò bá ṣí nínú omi tó ń hó, ó ti kú, kí wọ́n ra òmíràn. Bí ó bá ṣí, kò jẹ̀bi, kí wọ́n dá a padà sí àyè rẹ̀ kí wọ́n sì máa wá àrùn náà lọ.

Àwọn kan tó ń gbèjà tẹ́mọ́sítáàtì náà ń ṣàṣìṣe. Wọ́n ní bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré jù, kò ní ráyè gba ooru lára irin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń sáré máa ń kó ooru lọ ju èyí tó ń fà lọ. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ ni pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹ́mọ́sítáàtì ní àwo kejì nísàlẹ̀, tó máa ń dí ọ̀nà àbùjá nígbà tí ilẹ̀kùn ńlá bá ṣí. Bí wọ́n bá yọ irú èyí, ọ̀nà àbùjá náà á wà ní ṣíṣí títí, apá kan omi gbígbóná á sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé radiétọ̀ rárá. Lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, yíyọ ọ́ lè mú kí ọkọ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi mú 2AZ-FE ni pé ó ní àrùn kan tí yíyọ tẹ́mọ́sítáàtì máa ń bò mọ́lẹ̀. Lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá nínú àwọn Big Daddy, tíréèdì, ìyẹn ìlà yíyí inú ihò tí àwọn bóòtù tọ́pù sílíńdà ń wọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù alúmíníọ̀mù, máa ń jẹ, ó sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, níhà ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Toyota fi kún gígùn tíréèdì náà lára àwọn búlọ́ọ̀kù tó ṣe lẹ́yìn náà. Bí bóòtù kò bá di tọ́pù mú mọ́, omi á máa jò lẹ́yìn níbi tí ojú kì í tètè dé, ìfúnpá iná inú sílíńdà á sì máa tì í jáde. Awakọ̀ á rí i pé omi ń dín kù, pé ọkọ̀ ń gbóná nígbà tó bá ń gun òkè. Bí wọ́n bá yọ tẹ́mọ́sítáàtì, géèjì lè wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ètè ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò tó: wọ́n ní láti lu ihò náà fẹ̀, kí wọ́n fi irin tó ní tíréèdì tẹ́ inú rẹ̀ kí bóòtù tó lè dì padà.

Géèjì fúnra rẹ̀ kò ṣe é gbára lé tó bí a ṣe rò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, abẹ́rẹ́ náà máa ń dúró sí ibì kan náà bí ooru bá tiẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi burú. Sikánà kékeré tí a ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa sọ iye ooru gan-an.

Ní ti ìpalára tí àìsí tẹ́mọ́sítáàtì ń ṣe, mi ò fẹ́ sọ àsọdùn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí radiétọ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì tí kò ní in ṣì lè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi wà á lọ́dún méjì mẹ́ta tí wọn kò rí nǹkan kan. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, láàárọ̀ tàbí lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: omi á tutù ju bó ti yẹ lọ, kọ̀ǹpútà lè máa fi kún bẹntiróòlù nítorí ó gbà pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, díẹ̀ nínú bẹntiróòlù náà á sì máa ṣàn dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì tí kò gbóná tó láti lé e jáde. Iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Lára àwọn tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, iná ẹ́ńjìnnì sábà máa ń tàn, sikánà á sì kọ P0128, èyí tó túmọ̀ sí pé omi kò gbóná dé ìwọ̀n tẹ́mọ́sítáàtì. Mi ò ní sọ pé òun ló ń mú kí àwọn Muscle 2007 sí 2009 máa jẹ ọ́ìlì, nítorí ríìngì píṣítìnnì, ìyẹn òrùka tó yẹ kó máa dí ọ́ìlì mọ́ ìsàlẹ̀ sílíńdà, ló fa ìyẹn, Toyota sì gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fa díìpísíìkì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí nǹkan bíi lítà 4 péré ni ọ́ìlì inú rẹ̀, bí ó bá sì dín kù jù, ẹ́ńjìnnì lè gbóná láìsí ẹ̀ṣẹ̀ omi.

Bí tẹ́mọ́sítáàtì bá kú ní títì sójú ọ̀nà tí kò sí ibi tí a ti lè ra òmíràn, yíyọ ọ́ kí a lè délé kò burú, bí a bá ti lè fi tuntun dípò rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, torí omi tó ti kọjá 100°C á hó di èéfín gbígbóná lójijì, á sì bó ojú àti ọwọ́. Kí a má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń jó, nítorí alúmíníọ̀mù tó bá tutù lójijì lè ká tàbí kí ó sán. Bí wọ́n bá yọ tẹ́mọ́sítáàtì yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ mú un délé, kí ẹ sì gbé e kaná kí ẹ tó san owó iṣẹ́.