Ta ni onílẹ̀ Taiwan? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ṣebí ará Ṣáínà ni gbogbo àwọn tó wà ní Taiwan?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ wọn, Ṣáínà ni baba ńlá wọn ti wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bá onílẹ̀ nílé. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tí ìran àwọn Amis, Paiwan, Atayal, Siraya àti àwọn mìíràn ti ń gbé erékùṣù náà. Ìbátan wọn ni àwọn Māori ti New Zealand, àwọn ará Hawaii, títí dé Madagascar nítòsí Áfíríkà wa níbí.

Ìbéèrè: Kí ló fi hàn pé Taiwan ni orísun gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Èdè. Onímọ̀ èdè Robert Blust pín ẹbí èdè wọn sí ẹ̀ka 10. Taiwan nìkan la ti ń rí 9 nínú wọn. Gbogbo èdè yòókù, láti Malaysia dé Hawaii, inú ẹ̀ka kan tó ṣẹ́ kù ni wọ́n wà.

Ìbéèrè: Báwo ni onílẹ̀ ṣe wá di ìwọ̀nba?

Ìdáhùn: Awọ àgbọ̀nrín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1624, àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Netherlands, tẹ̀dó sí gúúsù erékùṣù náà, ní ilẹ̀ àwọn Siraya. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún awọ lọ tà ní Jàpáánì. Wọ́n tún kó àgbẹ̀ wá láti Fujian ní Ṣáínà, kí wọ́n máa gbin ìrèké àti ìrẹsì. Ẹran igbó ń tán lọ, oko àlejò ń fẹ̀ sí i.

Koxinga, ọ̀gágun kan láti Ṣáínà, lé àwọn Dutch lọ ní 1662, ìjọba Qing tó ń ṣàkóso Ṣáínà sì gba ibẹ̀ ní 1683. Lábẹ́ Qing, àlejò ṣì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè wọlé, ìdógò tẹ̀lé e, ilẹ̀ sì ń bọ́. Ìwé àdéhùn rẹ̀ wà títí dòní: èdè Siraya, tí wọ́n fi lẹ́tà A-B-D tí àwọn Dutch kọ́ wọn kọ, ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn tí àwọn Dutch ti lọ. Ó máa ń dùn mí pé nínú ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ wọn la ti ń rí èdè wọn kà.

Àwọn ará òkè pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Jàpáánì, tó gba Taiwan ní 1895, ló wọ orí òkè wọn nítorí igi kánfọ̀. Ní 1930, Mona Rudao, olórí kan láàárín àwọn Seediq tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ará òkè náà, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jà ní ìlú Wushe. Ọkọ̀ òfuurufú ni Jàpáánì fi ju bọ́ǹbù lù wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn Siraya ti parun ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Wọ́n wà ní agbègbè Tainan. Àkọsílẹ̀ ìjọba ni wọn kò sí: ọ̀pọ̀ kò forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ ará Ṣáínà. Ààrẹ Tsai Ing-wen tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo onílẹ̀ ní 2016, síbẹ̀ Siraya kò sí lára ẹ̀yà 16 tí ìjọba kà nígbà náà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 2022, Ilé-Ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin dá wọn láre, ó sì fún ìjọba ní ọdún mẹ́ta láti tún òfin náà ṣe.