Ẹ̀yìn Ni Akọ̀pẹ Fi Ń Gun Ọ̀pẹ

Ẹni tó bá ń wo akọ̀pẹ láti ìsàlẹ̀ á rò pé agbára apá ló ń gbé e lọ sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ kàn ń sún igbà, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, sókè ni. Ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Igbà yí igi ká, ó gba ẹ̀yìn akọ̀pẹ kọjá, a sì ta á ní kókó. Bó bá ti fẹ̀yìn tì í, tó sì fi ẹsẹ̀ ti igi, igbà á fún igi látẹ̀yìn, ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ níwájú. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ nìyẹn, àfi pé ẹ̀mú tiwa yìí kò béèrè ọwọ́ tí yóò máa fún un: ìwúwo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń fún un. Bí akọ̀pẹ bá ṣe wúwo tó ni ẹ̀mú ṣe ń di igi mú tó. Sísanra kọ́ ló ń mú èèyàn yọ̀. Okùn rẹ̀ ló kàn gbọ́dọ̀ nípọn sí i.

Ẹ̀rù ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á dì mọ́ igi bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Kí àyà tó kan igi, igbà ti dẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Láti gòkè, akọ̀pẹ á sún ara mọ́ igi díẹ̀, á ju igbà sókè ní kíá kí ó tó tún le, á fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Igbà àti ẹsẹ̀ kì í ṣí pọ̀. Bí igbà bá kúrú jù, kò sí àyè láti fẹ̀yìn. Bó bá gùn jù, ọwọ́ kò ní tó igi mọ́.

Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ wà lára ọgbọ́n náà. Kò ní ẹ̀ka, kì í sì í tín-ín-rín bó ṣe ń ga, nítorí náà igbà tó bá a mu nísàlẹ̀ á bá a mu lókè. Ẹ fi igbà kan náà gun igi tó ní ẹ̀ka, ẹ̀ka àkọ́kọ́ ló máa dá a dúró.

Lókè, igbà di àga, ọwọ́ méjèèjì sì ṣófo fún àdá. Ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ wà: àdá tó ń gé imọ̀ kò jìnnà sí okùn kan ṣoṣo tó gbé èèyàn ró. Okùn kejì tí a yí igi ká kí àdá tó jáde kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò.