Ẹ Gbé Áyọ́ọ̀nù Kúrò Lórí Lẹ́tà Yẹn

Àwọn èèyàn wa tó wà nílùú Ọba ti ń ra lẹ́tà àtijọ́ lọ́jà ẹrù àlòkù báyìí, pàápàá èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kọ síra wọn ní igba ọdún sẹ́yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn kì í wá bá àwa tí à ń tọ́jú ìwé títí wọ́n á fi fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná na gbogbo ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́tà ọ̀hún po, tí wọ́n á sì ti fi ike láminéètì bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á wá béèrè pé kí ló dé tí ìda pupa fi yọ́ mọ́ ọ̀rọ̀.

Ojú ìṣẹ́po yẹn gan-an ni kí ẹ má pa rẹ́. Kó tó di 1840, iye abala ìwé àti iye máìlì ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka owó, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sì sábà máa ń san án. Láti 1812, abala kan tí kò rìn ju máìlì 15 lọ, pẹ́nì 4 ni. Tó bá rin máìlì 50 sí 80, pẹ́nì 8. Abala méjì, ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi àpòòwé bò ó, abala kejì nìyẹn, ìdí nìyí tí ẹ ò fi ní bá àpòòwé kankan. Tákàdá ńlá kan ni wọ́n máa ń ṣẹ́ po sí méjì kó lè ní ojú mẹ́rin. Wọ́n á kọ̀wé kún ojú mẹ́ta, wọ́n á fi àárín ìkẹrin sílẹ̀ fún àdírẹ́sì, wọ́n á ṣẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ wá sáàárín, wọ́n á ki etí kan bọ inú èkejì, wọ́n á sì fi ìda lẹ̀ ẹ́, tàbí ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi omi rin. Ìda dúdú, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹni tó gbà á bá ń ṣí i, ìwé a ya nídìí ìda. Ihò etí lẹ́tà yín kì í ṣe iṣẹ́ eku. Ọ̀rọ̀ tó sọnù níbẹ̀ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìda, ní etí kejì ìwé náà. Ẹni tó bá fọ̀bẹ họ ìda dànù, ọ̀rọ̀ ló họ dànù. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà níwájú lẹ́tà kò sì jẹ mọ́ nọ́ńbà ilé rárá, owó ni: tàdáwà dúdú ni pé olùgbà ló máa san án, pupa ni pé wọ́n ti san án.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní ìbú lórí ọ̀rọ̀ tó wà ní òró ńkọ́? Ẹni tó bá ní tíírà ni, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Owó abala kejì ni wọ́n ń sá fún. Ẹ ka ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán ná, torí pé ìparí lẹ́tà ló sábà máa ń wà ní ìbú lójú kìíní. Ẹ wá yí ìwé náà, kí ẹ fi rúlà tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kìíní 1840 tí lẹ́tà tí kò wúwo ju ìdajì áúnsì lọ ti di pẹ́nì kan jákèjádò ilẹ̀ náà, kò sídìí fún un mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ ti mọ́ ọn, wọn ò sì jáwọ́.

Ní ti àwọn onífídíò tó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa tàdáwà tó ti ṣá lára kó lè hàn padà, kí wọ́n jọ̀wọ́ padà sí ilé ìdáná wọn. Kókó ara igi oak, iyọ̀ irin àti oje igi acacia ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà yẹn. Ásíìdì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló ń jẹ ìwé. Ẹ fi ti ọsàn kún un, àwọn ọ̀rọ̀ á jábọ́ ní wẹ́wẹ́. Omi lásán náà kò dára, ó máa ń gbé irin inú tàdáwà lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ ti tó, ìbọ̀wọ́ ló ń fa etí ìwé ya. Inú fáìlì tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ wo Jane Austen, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìwé ìtàn àròsọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Cassandra. Gbogbo ìgbà tí wọn ò bá sí papọ̀, bí ìgbà tí Cassandra bá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Godmersham ní Kent, lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Àbúrò kú ní 1817. Lọ́dún bíi méjì sí mẹ́ta ṣáájú ikú tirẹ̀ ní 1845, Cassandra jókòó ti àpótí lẹ́tà, ó sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì fi àlùmọ́gàjí gé ibi tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà kúrò nínú àwọn tó kù. Nǹkan bí 160 lẹ́tà Jane ló kù lónìí. Ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa ló ṣe é, ìfẹ́ ló sì sún un ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ihò tó gún régé, tí etí rẹ̀ mọ́ létí, kì í ṣe ìda ló fa á ya, àlùmọ́gàjí ni. Ẹ má fi ìwé funfun lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù dí i. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká níhà méjèèjì, nígbà mìíràn ẹ ó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ kó tó di pé wọ́n gé e.