Ohun èlò serial àti módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ lórí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun

Ohun èlò serial ni ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí wáyà. RS-232 ni ìlànà tí ó wọ́pọ̀ jù lára wọn. Òṣùwọ̀n ìwọ̀n-ẹrù, ẹ̀rọ àwọn awọnlẹ̀, ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò, UPS, ẹ̀rọ tó ń tẹ ráísíìtì àti módẹ́ẹ̀mù tẹlifóònù wà nínú ẹbí yìí. Bí a bá pààrọ̀ Windows tàbí Linux inú kọ̀ǹpútà sí èyí tó tuntun, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í sábà bàjẹ́. Ohun tó wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà ló máa ń yí padà: dráífà (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), orúkọ pọ́ọ̀tù (ihò tí a ń ki wáyà bọ̀), àṣẹ ìlò, tàbí chip tó wà nínú wáyà USB. Ọ̀rọ̀ yìí kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó gan-an, nítorí pé owó ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tàbí òṣùwọ̀n ńlá kan pọ̀ ju owó kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Bí pọ́ọ̀tù serial ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún 1960 ni Electronic Industries Association ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà RS-232 jáde. Ẹ̀dà RS-232-C tẹ̀lé e ní 1969. Lórí wáyà rẹ̀, iná tó wà láàárín −3 sí −15 fólítì dúró fún 1, èyí tó wà láàárín +3 sí +15 fólítì dúró fún 0. Èyí tó bá bọ́ sáàárín −3 àti +3 kò ní ìtumọ̀ kankan.

Orí pọ́ọ̀tù náà ní píìnì 25 níbẹ̀rẹ̀. IBM PC/AT ti 1984 ló sọ onípíìnì mẹ́sàn-án di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án yìí ló gbé iṣẹ́ lọ́wọ́ jù. Píìnì 2 ni kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ràn, píìnì 3 ló fi ń sọ̀rọ̀, píìnì 5 sì ni ìpìlẹ̀ tí a fi ń wọn iná àwọn yòókù. Píìnì 4, 6, 7 àti 8 ni ìhà méjèèjì fi ń bi ara wọn bóyá ẹnìkejì wà níjokòó àti bóyá àyè wà láti máa bọ̀. Píìnì 1 àti 9 jẹ́ ti módẹ́ẹ̀mù: ọ̀kan ń sọ pé ó ti so mọ́ módẹ́ẹ̀mù kejì, èkejì ń sọ pé tẹlifóònù ń dún.

Kò sí aago tó ń gba orí wáyà yìí kọjá, nítorí náà ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí ìyára kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìtò tó wọ́pọ̀ jù ni 9600 8N1: bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì mẹ́jọ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sí bíìtì àyẹ̀wò, bíìtì ìdúró kan. Bí a bá ka bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́tà kan gba bíìtì mẹ́wàá, èyí tó túmọ̀ sí lẹ́tà 960 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Pọ́ọ̀tù console lára ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì Cisco ń lo ìtò yìí. GPS tó ń tẹ̀lé ìlànà NMEA 0183 ń lo 4800.

Ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ tuntun ń yí padà

Lábẹ́ DOS àti Windows 98, ètò kọ̀ǹpútà lè kọjá tààrà sí ojúlé pọ́ọ̀tù náà, 3F8 fún COM1 àti 2F8 fún COM2 (COM ni orúkọ tí DOS àti Windows ń pe pọ́ọ̀tù serial). Ìdílé Windows NT, tí Windows 2000 àti XP (2001) jẹ́ ara rẹ̀, ti ilẹ̀kùn yẹn: ètò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ dráífà kọjá. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò DOS tí a kọ fún ìwọ̀n àti ìwọnlẹ̀ ti kọ́kọ́ kọṣẹ́.

Ìyípadà kejì ni ti kọ̀ǹpútà oní-bíìtì 64. Windows oní-bíìtì 64 kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dráífà oní-bíìtì 32, kò sì gba ètò oní-bíìtì 16 wọlé rárá. Láti ìgbà Vista, ó tún ń béèrè pé kí dráífà ní ìbuwọ́lù olùṣe rẹ̀. Windows 11, tó jáde ní 2021, kò ní ẹ̀dà oní-bíìtì 32 mọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni ìtìlẹ́yìn Windows 10 sì parí, ìdí tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí kò tíì gbèrò ìyípadà fi wá ṣe é.

Nọ́ńbà COM náà a máa da nǹkan rú. Wáyà USB tí a yọ nínú ihò kan tí a kì bọ òmíràn lè gba nọ́ńbà tuntun, kí COM3 àná di COM11 lónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kò mọ ohun tó kọjá COM4. Device Manager, ibi tí Windows ń to àwọn ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà sí, ni a ti ń dá a padà: lábẹ́ Ports, a tẹ Advanced, a sì yan nọ́ńbà kékeré, kódà bí Windows bá sọ pé ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ tó ní in tẹ́lẹ̀ kò sí nílé mọ́.

Ti Linux kò le tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀tù tó wà lára kọ̀ǹpútà ń jẹ́ /dev/ttyS0, ti wáyà USB ń jẹ́ /dev/ttyUSB0 tàbí /dev/ttyACM0. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ dialout kò ní àṣẹ láti ṣí i, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kó tún wọlé lẹ́yìn tí a bá fi orúkọ rẹ̀ kún un. ModemManager, ètò Linux tó ń bójú tó módẹ́ẹ̀mù, náà lè fi àṣẹ AT (àṣẹ tí módẹ́ẹ̀mù ń gbọ́) bi ohun tuntun tó bá kì bọ̀ ọ́ léèrè bóyá módẹ́ẹ̀mù ni, èyí tó lè da òṣùwọ̀n láàmú.

Chip inú wáyà USB

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjákulẹ̀ ti ń wá. Láàpùtọ́ọ̀pù òde òní kì í ní pọ́ọ̀tù onípíìnì mẹ́sàn-án mọ́, nítorí náà wáyà tó ń sọ USB di serial ni gbogbo ènìyàn ń lò. Bí ara wáyà náà ṣe rí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó gbé wá fún kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́, Device Manager tàbí àṣẹ lsusb ti Linux sì máa fi hàn: 0403:6001 jẹ́ FT232 ti FTDI, 067b:2303 jẹ́ PL2303 ti Prolific, 1a86:7523 jẹ́ CH340, 10c4:ea60 jẹ́ CP210x ti Silicon Labs. Nọ́ńbà yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wá dráífà kankan.

PL2303 ló ń fa ìyọnu jù. Prolific dáwọ́ ṣíṣe oríṣi HXA dúró ní 2012, dráífà rẹ̀ fún àwọn Windows tó tẹ̀lé e sì kọ chip náà. Lórí Windows 7 ó ṣiṣẹ́. Lórí Windows 10 àti 11, àmì ìkìlọ̀ ofeefee yọ pẹ̀lú Code 10, tàbí kí ọ̀rọ̀ yọ pé a ti pa PL2303HXA tì láti 2012. Wáyà náà kò bàjẹ́. Bí a bá fi dráífà àtijọ́ rẹ̀ padà, yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Windows Update lè tún gbé tuntun lé e lórí lóru ọjọ́ kan.

FTDI náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2014, dráífà kan tó gba ọ̀nà Windows Update wọlé yí nọ́ńbà àwọn ayédèrú chip FTDI sí 0000, tí kọ̀ǹpútà kankan kò fi dá wọn mọ̀ mọ́. Ariwo tó tẹ̀lé e mú kí a yọ ọ́. Ẹni tó ra wáyà lọ́jà kò lè mọ̀ ju pé ó dákẹ́ lọ. Lórí Ubuntu 22.04, ẹjọ́ CH340 ni: brltty, ètò fún ìwé afọ́jú, rò pé ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, ó sì gbà á mọ́ ètò mìíràn lọ́wọ́. Yíyọ brltty kúrò ló ń tán an, fún ẹni tí kò lò ó.

Agbára iná wáyà tún wà. Àwọn kan kì í fúnni ju 5 fólítì lọ, àwọn mìíràn kì í ní iná òdì rárá. Ẹ̀rọ tó ń jẹun láti ara píìnì 4 tàbí 7, bíi àwọn ẹ̀rọ kékeré tí kò ní bátìrì, lè máa kú nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Ìdánwò tí ń yanjú ọ̀rọ̀

Kí a tó fura sí òṣùwọ̀n tàbí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, a ń dán wáyà náà nìkan wò. A yọ ẹ̀rọ kúrò, a fi irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń dá bébà pọ̀ so píìnì 2 mọ́ 3 lẹ́nu wáyà, a ṣí PuTTY (ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí pọ́ọ̀tù serial) sí nọ́ńbà COM náà ní 9600, a sì tẹ lẹ́tà A. Bí A bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ti jáde ní píìnì 3, ó ti padà wọlé ní píìnì 2. Bí a bá yọ irin náà tí lẹ́tà kò yọ mọ́, dráífà, chip àti nọ́ńbà COM ló mọ́, ó kan ìtò àti wáyà tó lọ sára ẹ̀rọ. Bí ó bá ń yọ lẹ́yìn tí a yọ irin, PuTTY fúnra rẹ̀ ló ń tún un sọ, ìdánwò náà kò já mọ́ nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ohun tí ojú rí ló ń sọ ibi tí àìsàn wà. Ọ̀rọ̀ wúruwùru jẹ́ ìyára tí kò bára mu. Ìdákẹ́ pátápátá lè jẹ́ pé píìnì 2 àti 3 nílò ìdàkejì, ìyẹn wáyà null modem. Ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń já dúró sábà jẹ́ ti RTS àti CTS, ìyẹn píìnì 7 àti 8. Ètò DOS tó kọ Windows oní-bíìtì 64 lè ṣiṣẹ́ nínú DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS, tó mọ bí a ṣe ń fún un ní pọ́ọ̀tù serial, tàbí nínú Windows XP tí a fi sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn.

Módẹ́ẹ̀mù

Hayes Smartmodem ti 1981 ló mú àṣẹ AT wá: ATDT láti tẹ nọ́ńbà, ATH láti gbé e sílẹ̀. Ìlànà V.90 ti 1998 dé 56 kbit/s. Àwọn tó ń jẹ́ winmodem ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tí chip wọn kò ṣe, nítorí náà bí dráífà wọn kò bá sí fún Windows tuntun, kò sí ohun tó lè gbé wọn dìde. Ti ìta, tó ń lo RS-232 gidi, ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Líìnì ni ohun tí kò rí mọ́. NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ló ń fúnni ní líìnì tẹlifóònù ní Àkúrẹ́ ní àsìkò yẹn, 034 sì ni kóòdù ibẹ̀. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, líìnì bẹ́ẹ̀ dín kù gan-an. Ohùn módẹ́ẹ̀mù kò lè gba ìpè GSM kọjá, nítorí GSM ń fún ohùn pọ̀.

Módẹ́ẹ̀mù USB oníkáàdì SIM bíi Huawei E1550 kọ́kọ́ ń fi ara rẹ̀ hàn bí CD kí ó tó di módẹ́ẹ̀mù. Usb_modeswitch ló ń yí i lórí Linux. Ó ń fi pọ́ọ̀tù COM mélòó kan hàn, AT+CSQ sì ń sọ agbára nẹ́tíwọ̀kì láti 0 dé 31.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, jẹ́ ilẹ̀ kòkó, òṣùwọ̀n oníná tó ń fi ìwọ̀n àpò ránṣẹ́ lórí RS-232 sì jẹ́ ara irú òwò bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ Àkúrẹ́ (FUTA), tí a dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ àti ti ìmọ̀ ojú ọjọ́, méjèèjì tí ẹ̀rọ serial wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ wọn.

Òjò àti àrá níbẹ̀ ń kan wáyà náà. Nígbà tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà bá gba iná láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan láti iná ìjọba, èkejì láti jẹnẹrétọ̀, píìnì 5 di ọ̀nà tí iná gbà ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì, ó sì lè sun chip. Opto-isolator, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kọjá láìsí wáyà láàárín, ló ń já ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń fa wáyà láti orí òṣùwọ̀n dé ọ́fíìsì ní ìparí ọgbà sábà ń yí sí RS-485, nítorí pé RS-232 kò dára ju nǹkan bíi mítà 15 lọ, RS-485 sì lè dé mítà 1200.